miRBase: àyẹ̀wò ìwé orúkọ àwọn microRNA, fún ẹni tí ń wá ibi tí jẹjẹrẹ àti àìsàn abárajà ti pàdé

Ojú òpó kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń ṣí ju ojú òpó báńkì mi lọ, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níbí. miRBase ni orúkọ rẹ̀. Ìwé orúkọ ni, níbi tí a ti kọ orúkọ, lẹ́tà àti ibùgbé àwọn microRNA, ìyẹn àwọn RNA kéékèèké tí ń kó àṣẹ jíìnì níjàánu, tí àwọn onímọ̀ ti ròyìn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ènìyàn, ti ẹranko, ti ewéko tàbí ti fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè orúkọ ẹni, kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kó gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sílé. Mo ń kọ̀wé yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tí ń ka Yorùbá, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn kan àìsàn abárajà tí ó máa ń tẹ̀ lé kókó jẹjẹrẹ. Àìsàn abárajà ni mo pe àwọn àìsàn tí ọmọ ogun inú ara fi ń bá ara tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ jà.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa kí ó tó di iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ojú òun ń wúwo. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á là kedere; tí ó bá fi máa di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú òsì á ti wálẹ̀ bo ẹyinjú dé ìdajì, bí ojú ẹni tí ń tòògbé, bẹ́ẹ̀ kò tòògbé rárá. Nígbà tí ó yá, kò lè gbé apá sókè pẹ́ tó láti di irun ọmọ rẹ̀ tán. Á di ẹsẹ̀ irun méjì, á sọ apá kalẹ̀, á mí, á tún gbé e. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ mú un lọ fún un ní awò ojú, ó sì lo awò náà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìyàtọ̀. Dókítà mìíràn ni ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí a sì ya àwòrán àyà rẹ̀, ibẹ̀ ni a ti rí kókó kan lára thymus, ẹran rírọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn egungun igbá àyà. Myasthenia gravis, àìsàn abárajà tí ń sọ iṣan di aláìlágbára, ni ó wà ní ojú àti apá. Thymoma, kókó ara thymus, ni ó wà nínú àyà. Àìsàn méjì ni a kà wọ́n sí nígbà náà, kò sì pẹ́ tí dókítà náà fi ṣàlàyé fún wa pé gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù.

Nínú 100 ènìyàn tí ó ní myasthenia gravis, bí 10 sí 15 ni a máa ń bá thymoma lára wọn. Nínú 100 tí thymoma mú, nǹkan bí 30 ni myasthenia gravis máa ń bá fínra. Thymus ni ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ ọmọ ogun ara, bí wọn yóò ti mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò. Bí kókó bá hù sínú ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jáde á jáde, wọ́n á sì dojú ìjà kọ ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀já ara, ìyẹn okùn tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ kiri ara. Kì í ṣe thymus nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn tí ó ní àìsàn Lambert-Eaton, àìsàn abárajà mìíràn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára, ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a máa ń bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró onísẹ́ẹ̀lì kéékèèké lára wọn, nítorí pé jẹjẹrẹ náà máa ń gbé púrótéènì kan jáde tí ó jọ ti orí ọ̀já ara, tí ọmọ ogun bá sì ti gbógun ti ọ̀kan kò ní dá èkejì sí. Àgbàlagbà tí ó ní dermatomyositis, àìsàn abárajà iṣan àti awọ ara, tí a bá rí àńtíbọ́dì (ohun ìjà tí ọmọ ogun ara ń ṣe) tí à ń pè ní anti-TIF1-γ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá jẹjẹrẹ káàkiri ara rẹ̀. Ní 2007, Josep Dalmau àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ṣàlàyé àìsàn ọpọlọ kan tí ó ń mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kókó teratoma wà nínú ilé ẹyin wọn, tí àńtíbọ́dì ara wọn sì ń kọlu ohun tí à ń pè ní NMDA receptor nínú ọpọlọ.

Níbo ni microRNA ti wá wọ ọ̀rọ̀ yìí? RNA ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti U, kọ. RNA kékeré ni microRNA, nǹkan bí lẹ́tà 22 ni gígùn rẹ̀, kì í sì í bí púrótéènì kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so mọ́ RNA ajíṣẹ́, èyí tí ń gbé àṣẹ jíìnì lọ síbi tí a ti ń ṣe púrótéènì, kí ó sì pa á lẹ́nu mọ́ tàbí kí ó mú kí a gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìjánu ni, kì í ṣe ẹṣin. Àwọn ìjánu kan sì wà nínú ọmọ ogun ara tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá já, sẹ́ẹ̀lì náà lè di jẹjẹrẹ, ó sì lè di ajàlú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ka ìwé nípa ibi tí àìsàn méjèèjì ti pàdé fi máa ń kó sínú igbó orúkọ: miR-146a, miR-155, miR-21, miR-17-92. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì pọ̀. miRBase ni ilé tí a ti ń sọ wọ́n lórúkọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní 1993, Victor Ambros pẹ̀lú Rosalind Lee àti Rhonda Feinbaum ròyìn pé RNA kékeré olẹ́tà 22 ni jíìnì lin-4 inú aràn C. elegans ń bí, kì í ṣe púrótéènì. Ní ọdún náà, Gary Ruvkun àti àwọn tirẹ̀ fi hàn bí ó ti ń so mọ́ RNA ajíṣẹ́ tí lin-14 rán jáde. Ọdún méje kọjá kí a tó rí èkejì, let-7, ní 2000, a sì rí i pé ènìyàn náà ní in. Ní 2001, láàbù mẹ́ta gbé àkójọ tuntun jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn pé bí kò bá sí ilé ìforúkọsílẹ̀ kan, ọmọ kan á jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Ní 2002 ni Sam Griffiths-Jones àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ dá ìwé orúkọ náà sílẹ̀ ní Sanger Institute, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ 218 péré ni ó wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Yunifásítì Manchester ni ó ń gbé nísinsìnyí. Ẹ̀dà 22.1 tí èmi ń lò, tí ó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2018, ní okùn ìpìlẹ̀ 38,589 láti ara ohun ẹlẹ́mìí 271; okùn ìpìlẹ̀ ni RNA tí ó gùn jù tí a ti ń gé microRNA. Ti ènìyàn nínú rẹ̀ jẹ́ okùn ìpìlẹ̀ 1,917 àti microRNA 2,654 tí a gé láti ara wọn. Nígbà tí a fún Ambros àti Ruvkun ní ẹ̀bùn Nobel ní 2024, inú mi dùn bí ẹni pé ará ilé mi ni wọ́n fún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ojú ewé kan pọ̀, kí ẹ lè rí ohun tí mo ń sọ. Ẹ tẹ mir-146a sínú àpótí ìṣàwárí, kí ẹ sì yan ti ènìyàn, tí a kọ hsa sí níwájú. Nọ́ńbà MI0000477 á yọ, àwòrán okùn RNA náà á sì tẹ̀ lé e: okùn kan ṣoṣo tí a ṣẹ́ po sí méjì, apá kan dojú kọ èkejì, lẹ́tà di lẹ́tà mú, orí rẹ̀ sì yí róbótó níbi tí ó ti ṣẹ́. Láti ara apá àkọ́kọ́ ni a ti ń gé èyí tí ń ṣiṣẹ́ jù: UGAGAACUGAAUUCCAUGGGUU. Ẹ ka lẹ́tà kejì dé ìkẹjọ, GAGAACU. Lẹ́tà méje wọ̀nyí ni ọwọ́ tí ó fi ń di RNA ajíṣẹ́ mú. Ojú ewé náà á tún sọ fún yín pé kúrómósómù 5 ni jíìnì yìí ń gbé, pẹ̀lú nọ́ńbà ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ ṣí mir-146b. Orí kúrómósómù 10 ni òun ń gbé, ṣùgbọ́n lẹ́tà 17 àkọ́kọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èkíní rárá. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, ìparí ojú nìkan ni ìyá wọn fi ń mọ̀ wọ́n. Láti lẹ́tà kejìdínlógún ni wọ́n ti pínyà, G ní ọ̀dọ̀ ọ̀kan, A ní ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹni tí kò bá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wò lórí miRBase lè ra ohun èlò àyẹ̀wò tí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, á sì máa fi ti Kẹ́hìndé jẹ́rìí sí Táyé.

Mo fara balẹ̀ lórí miR-146a nítorí pé òun ni ó ṣí mi lójú jù lọ. Ní 2006, Konstantin Taganov, Mark Boldin, David Baltimore àti àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní California fi hàn pé bí ọmọ ogun ara bá ti gbóòórùn kòkòrò àrùn, ó máa ń ṣe miR-146a, èyí á sì yí padà lọ mú TRAF6 àti IRAK1, àwọn púrótéènì méjì tí ń gbé ariwo ogun kiri. Ogun bẹ̀rẹ̀, ogun náà ló sì bí ẹni tí yóò pa á. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà ròyìn pé miR-146a kò pọ̀ tó nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní lupus, àìsàn abárajà tí ń kọlu ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara. Ní 2011 ni Boldin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ jíìnì náà kúrò lára eku. Bí àwọn eku náà ti ń dàgbà, ọ̀lọ inú wọn wú, ọmọ ogun ara wọn kọlu ẹ̀yà ara wọn lóríṣiríṣi, wọ́n sì tètè kú. Kókó jẹjẹrẹ sì tún hù sí ibi tí àwọn ọmọ ogun ń pé jọ sí. Ìjánu kan já, àìsàn méjèèjì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá rò pé kòńgẹ́ lásán ni ìpàdé jẹjẹrẹ àti àìsàn abárajà, kí ó lọ wo ìwádìí yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sọ́dọ̀ eku. Àwọn oògùn tuntun kan wà fún jẹjẹrẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tú ọmọ ogun ara sílẹ̀ kí ó lè bá jẹjẹrẹ jà. Nígbà mìíràn, ọmọ ogun tí a tú sílẹ̀ á kọlu ìfun, awọ ara, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹṣẹ́ ọrùn ẹni tí a ń wò sàn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Freiburg ní Jámánì ròyìn pé eku tí kò ní miR-146a jìyà irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé àwọn aláìsàn tí wọ́n jogún lẹ́tà C dípò G ní ibi kan nínú okùn ìpìlẹ̀ mir-146a, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ni ìkọlù líle máa ń bá jù. Orúkọ tí a mọ ìyípadà náà mọ́ ni rs2910164. Tí ẹ bá padà sí àwòrán okùn tí a ṣẹ́ po náà, ẹ ó rí i pé apá kejì ni lẹ́tà yìí wà, kì í ṣe apá tí ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́tà kan ní apá tí a rò pé kò wúlò ń dín iye èyí tí ó wúlò kù, nítorí pé okùn náà kò ṣẹ́ po dáadáa mọ́. Mo ti ka àlàyé yìí nínú ìwé tó mẹ́ta kí ó tó yé mi. Àwòrán miRBase ni ó là á yé mi níṣẹ́jú kan, èyí sì wà lára ìdí tí mo fi ń gbóríyìn fún wọn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn ni bí ó ti ń fi àwọn aládùúgbò hàn. Ẹ ṣí hsa-mir-17, MI0000071. Nísàlẹ̀, á to àwọn tí ń gbé ní tòsí rẹ̀ lórí kúrómósómù 13 fún yín: mir-18a, mir-19a, mir-20a, mir-19b-1 àti mir-92a-1. Mẹ́fà ni wọ́n, ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà jáde, àwọn ni ìwé ń pè ní miR-17-92. Ní 2008, láàbù Klaus Rajewsky mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun eku ṣe wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ kọjá ààlà, àìsàn abárajà sì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn mẹ́fà yìí ń pa Bim lẹ́nu mọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún ọmọ ogun aṣìnà pé kí ó kú, wọ́n sì tún ń pa PTEN lẹ́nu mọ́, ẹni tí ń dá ìdàgbà dúró. Ojú ewé kan náà ni ẹni tí ń wá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí ń wá lupus yóò ti pàdé. Bákan náà ni ìdìpọ̀ ńlá kan lórí kúrómósómù 19 tí à ń pè ní C19MC, tí ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú olóbi nìkan, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ rí i ní 2016 pé ó ń ṣiṣẹ́ gidigidi nínú thymoma oríṣi A àti AB. Mo ka ìyẹn nítorí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí miRBase lóru ọjọ́ náà.

Ní ti orúkọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí a bá kọ mir pẹ̀lú r kékeré, okùn ìpìlẹ̀ ni a ń sọ. Bí a bá kọ miR pẹ̀lú R ńlá, èyí tí a ti gé tán ni. Àmì -5p túmọ̀ sí apá àkọ́kọ́, -3p túmọ̀ sí apá kejì. Láyé àtijọ́, ìràwọ̀ ni wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn orúkọ apá tí wọ́n rò pé kò wúlò. Wọ́n ti pa àṣà náà tì, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ kún fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń tọ́ sọ́nà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fojú fo ìràwọ̀ náà, ó sì fi owó láàbù wa ra ohun èlò àyẹ̀wò fún apá tí kì í ṣe tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ń wọn ohun tí a kò wá, ẹ̀bi tèmi náà sì ni, nítorí èmi ni ó yẹ kí n tún un wò. Láti ìgbà náà, òfin wa ni pé orúkọ nìkan kò tó: nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MIMAT ni a ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, fún àpẹẹrẹ MIMAT0000449 fún miR-146a-5p ti ènìyàn. Orúkọ ọmọ yìí ti yí padà láti miR-146 sí miR-146a sí miR-146a-5p, nọ́ńbà náà kò yí padà. miRBase máa ń kọ àwọn orúkọ àtijọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìwà ọmọlúàbí gidi ni mo ka ìyẹn sí fún ẹni tí ń ka ìwé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Àléébù rẹ̀ wà, kò sì kéré. Ilé ìforúkọsílẹ̀ ni, ohun tí àwọn ènìyàn bá sì mú wá ni ó ń kọ sílẹ̀; kì í ṣe gbogbo ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni ó jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé. Ní 2015, Bastian Fromm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òṣùwọ̀n líle yẹ orúkọ 1,881 tí ó wà níbẹ̀ fún ènìyàn wò; 523 ni ó yege. Àwọn tí ó kù lè jẹ́ àfọ́kù RNA mìíràn tí ẹ̀rọ kà mọ́ wọn. Wọ́n dá MirGeneDB sílẹ̀ fún àwọn tí ó yege, mo sì ń ṣí i pẹ̀lú miRBase nígbà gbogbo. miRBase fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́: ó ní àmì fún àwọn tí ẹ̀rí wọn dájú, ó sì ń fi iye ìgbà tí ẹ̀rọ ti ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìwádìí hàn, tí a tò léra bí bíríkì lórí okùn ìpìlẹ̀ náà. Lórí mir-21, bíríkì náà ga bí ògiri, etí rẹ̀ méjèèjì sì gún régé, nítorí pé ibì kan náà ni Drosha àti Dicer, àwọn púrótéènì agéRNA, máa ń gé e sí. Lórí àwọn kan tí nọ́ńbà orúkọ wọn ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bíríkì mẹ́ta mẹ́rin ni ẹ ó bá, wọ́n sì wà káàkiri láìlétí. Nígbà tí ìwé kan bá sọ fún mi pé irú èyí ni ó fi jẹjẹrẹ hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní dermatomyositis, bíríkì ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ kà.

Àléébù kejì ni pé kò sọ̀rọ̀ àìsàn tó. Ó ń ṣa gbólóhùn jọ láti inú ìwé ìwádìí tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń tò wọ́n sí abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, èyí dára fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n gbólóhùn ìwádìí ńlá àti gbólóhùn ìwádìí aláìsàn díẹ̀ wà lórí àga kan náà. Ẹ wo miR-155. Ẹ ó ka pé ó ń fa lymphoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara, ẹ ó ka pé ó ń ran ọmọ ogun lọ́wọ́, ẹ ó ka pé ó ń dá àìsàn abárajà sílẹ̀. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀: eku tí a fún ní àpọ̀jù rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì B ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, eku tí a yọ ọ́ lára rẹ̀ kò lè gbèjà ara rẹ̀ dáadáa, a kò sì lè fi ìrọ̀rùn dá àìsàn ọpọlọ abárajà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì wo, àti nígbà wo? Ìwé orúkọ kò lè dáhùn ìyẹn. Fún àìsàn, mo máa ń lọ sí HMDD ti Yunifásítì Peking. Fún àwọn RNA ajíṣẹ́ tí microRNA lè mú, mo máa ń lọ sí TargetScan, mo sì ń rántí pé àsọtẹ́lẹ̀ ni TargetScan ń sọ, ẹ̀rí ṣì kù.

Ó tún yẹ kí n sọ ohun kan tí kò sí lórí ojú òpó kankan. Bí a bá fẹ́ wọn microRNA nínú omi ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó bá pọ́n díẹ̀ nínú ìgò, bí omi tí a fi fọ ẹran, kò ṣeé lò, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú rẹ̀, miR-451a àti miR-16 wọn á sì bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Orúkọ tó péye lórí ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́, asán ni.

Tí ó bá jẹ́ pé aláìsàn ni ẹ tàbí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ má ṣe wá ìwòsàn lọ síbẹ̀. Àńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán àyà ni ó fi myasthenia gravis àti thymoma ẹ̀gbọ́n mi hàn, kì í ṣe microRNA. Ojú tí ń wálẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí ó sì ń là láàárọ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọ̀já ara àti ọpọlọ, kí ẹ sì béèrè pé ṣé kò yẹ kí a ya àwòrán àyà. Wọ́n ti yọ kókó ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń di irun ọmọ rẹ̀ tán ní ìjókòó kan.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ láàbù, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún miRBase, ọ̀kan tí mo yọ sì jẹ́ nítorí àwọn orúkọ tí kò yege tí ó ṣì jókòó láàárín àwọn tí ó yege. Ojú òpó náà fúyẹ́, ó ń ṣí lórí fóònù àti lórí dátà kékeré. Tí iná tàbí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ wa fáìlì mature.fa (ti microRNA tí a ti gé tán) àti hairpin.fa (ti okùn ìpìlẹ̀) sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èyí tí ó tó mẹ́gábáìtì mẹ́wàá nínú wọn, ẹ ó sì lè máa wá orúkọ nínú wọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé U ni wọ́n fi kọ lẹ́tà inú fáìlì méjèèjì, nítorí RNA ni; ẹ yí i sí T kí ẹ tó fi wé ohun tí ẹ̀rọ kà láti ara DNA, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà á sọ pé kò rí nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin: MI0000477, MI0000681, MI0000071 àti MI0000077. Ìyẹn mir-146a, mir-155, mir-17 àti mir-21. Ẹ ya okùn wọn sórí pépà pẹ̀lú ọwọ́ yín, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kejì dé ìkẹjọ lára èyí tí ń ṣiṣẹ́ jù, kí ẹ tó ṣí ìwé ìwádìí àkọ́kọ́.